Ẹ̀yìn Ríro àti Oògùn Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn

Oríṣiríṣi ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí Yorùbá fi ń sọ ìrora ara. Orí a máa fọ́ni, inú a máa runni, ojú egbò a máa tani, egungun a máa roni, ẹ̀yìn a sì máa dunni. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí tí ó ń ti ara kọjá bọ́ sínú ọkàn láìyí ohùn padà. Ẹni tí kò lè nà tàntàn yóò sọ pé, 'Ẹ̀yìn ń dùn mí.' Ẹni tí ọ̀rẹ́ dà yóò sọ pé, 'Ọ̀rọ̀ náà dùn mí.' Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ olúwarẹ̀, yóò ní ó dun òun wọ akínyẹmí ara. Láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni a ti ṣẹ̀dá ẹ̀dùn, tí a sì ń sọ pé ẹ̀dùn ọkàn. Àwọn baba ńlá wa kò la ààlà gédégédé sáàárín ibi tí ìrora ara parí sí àti ibi tí ìbànújẹ́ ọkàn ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ohun tí ó bá ojú ti bá imú.

Nítorí náà, kò yẹ kí ó ṣòro fún Yorùbá láti gbọ́ pé oògùn tí ń ran ọkàn tí ó rẹ̀wẹ̀sì lọ́wọ́ lè ran ẹ̀yìn tí ń dunni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Bí dókítà bá kọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, ohun tí ó sábà máa ń tẹ̀lé e ni ìtìjú, tàbí ìbínú, tàbí kí a ju oògùn náà sí ààtàn. Ìdí tí ó fi ń rí bẹ́ẹ̀ tó ohun tí a ń yẹ̀ wò.

Kì í ṣe gbogbo ìrora ni ọ̀tá. Ọmọ tí kò bá mọ ìrora yóò jókòó ti iná títí ara rẹ̀ yóò fi bó. Ìránṣẹ́ ni irú ìrora bẹ́ẹ̀. Ó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ pé ewu ń bẹ. Bí ewu bá sì kọjá, òun náà a máa lọ. Ṣùgbọ́n ìránṣẹ́ mìíràn wà tí ó jíṣẹ́ tán tí kò padà sílé. Ibi tí ó fara pa ti jinná, iṣan tí ó fà ti rọ̀, síbẹ̀ ìrora wà nílẹ̀ ní òwúrọ̀, ó wà nílẹ̀ ní alẹ́. Bí ó bá ti lé ní oṣù 3, àwọn oníṣègùn a máa kà á sí ìrora tí ó ti di bárakú. Ẹ̀yìn ríro wà lára àwọn tí ó gbajúmọ̀ jù nínú irú ìrora yìí. Ní 2020, ìṣirò fi hàn pé 619 mílíọ̀nù ènìyàn ni ó ń bá a fínra káàkiri àgbáyé, kò sì sí àìsàn tí ó ń sọ ènìyàn di aláìlèṣiṣẹ́ tó o. Lára èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán egungun kì í rí ohun kan pàtó tí a lè nàka sí. Ní ilẹ̀ wa, àwọn kan a ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, àwọn mìíràn a ní làkúrègbé ni, ẹni tí kò bá sì fọkàn tán aládùúgbò rẹ̀ a ní ọwọ́ ayé ni.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni obìnrin aránṣọ kan ní Ìbàdàn, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ìbejì. Ọdún 22 ni ó ti lò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹsẹ̀ lórí irin ìtẹ̀, ọrùn ní títẹ̀, ẹ̀yìn ní kíká. Ìrora náà mú un ní àkókò tí ó ń rán aṣọ ẹbí fún ìsìnkú kan, nígbà tí ó rán ìró àti bùbá 40 láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Ó rò pé bí ìsìnkú bá kọjá, ìrora yóò kọjá. Òkú wọlẹ̀, àlejò tú ká, ẹ̀yìn kò tú u sílẹ̀. Ó fi òrí àti káńfọ̀ para. Ó mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Ó ra oògùn àpòpọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń polówó nínú ọkọ̀, títí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ní ọdún kẹta, ìrora ti ń ti ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ sí itan, ó ń jó o bí iná títí dé àtẹ́lẹsẹ̀, oorun sì kọ̀ ọ́ pátápátá.

Ó lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ya àwòrán egungun rẹ̀, wọn kò rí ohun tí a ó torí rẹ̀ fi abẹ kàn án. Dókítà tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó béèrè bí ó ti ń sùn, ó sì kọ oògùn kan fún un.

'Ìyá, hóró kan ni kí ẹ máa lò ní alẹ́, kí ẹ tó sùn. Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù kan.'

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwọn aláìsàn tí ó wà níta kọjá ohun tí ojú lè kà. Amitriptyline ni oògùn náà, mílígírámù 10.

Ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn ni ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ wọ́. Ọmọbìnrin tí ó wà nídìí àtẹ wo ìwé, ó wo Ìyá Ìbejì, ó ní, 'Ẹ̀yin gan-an ni ẹ fẹ́ lò ó, Ma? Àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú ni a sábà máa ń tà á fún.' Àwọn oníbàárà mìíràn ń gbọ́. Nígbà tí ó délé, Kẹ́hìndé, tí ń múra ìdánwò àṣejáde lọ́wọ́, tú ìwé pélébé inú páálí oògùn náà, ó kà á, ó sì túmọ̀ rẹ̀ pé oògùn àwọn tí ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì ni. Baba rẹ̀ gbọ́, ojú rẹ̀ sì korò.

'Ìyá Ìbejì, kí ni mo fi dù ọ́ nínú ilé yìí tí ọkàn rẹ fi rẹ̀wẹ̀sì?'

'Bàbá Ìbejì, ẹ̀yìn ni mo wí fún dókítà pé ó ń dùn mí. N kò bá a sọ̀rọ̀ ọkàn.'

Òwe wa sọ pé oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Owó jáde lórí èyí, síbẹ̀ inú àpótí kékeré tí ó wà lábẹ́ tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ ni Ìyá Ìbejì tì í sí, láàárín bọ́tìnnì àti òwú tí kò ní lò mọ́. Kì í ṣe ìtìjú nìkan ni ó ṣe é. Ohun tí ó dùn ún jù ni pé ó gbà pé dókítà kò gba òun gbọ́. Ó ti ru ìrora fún ọdún 3, ó ti fi ẹsẹ̀ tí ń jó o tẹ irin láti fi san owó ilé-ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó dà bí ẹni pé wọ́n ní ìrora náà kò sí níbì kan ju inú orí òun lọ. Ẹni tí a bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún, ìrora rẹ̀ ti di méjì.

Ìbẹ̀rù mìíràn wà lẹ́yìn èyí, orúkọ rẹ̀ ni Àrò. Ẹni tí ó bá fẹ́ bú ẹlòmíràn ní ilẹ̀ Yorùbá kò ju kí ó ní Àrò ni ó yẹ kí wọ́n gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí a ṣe ní Àrò jẹ́ ohun ìyangàn. Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, ni ó bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ ní 1954, tí ó fi jẹ́ pé àwọn aláìsàn ọpọlọ ń gbé pẹ̀lú ìbátan wọn nínú ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká. Wọ́n ń gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n ń padà sí ààrin ènìyàn lálẹ́, ó sì fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀. Ohun tí ètò náà fẹ́ fi kọ́ni ni pé aláìsàn ọpọlọ kì í ṣe ẹni tí a ń sé mọ́lé. Gbogbo àgbáyé wá kọ́ ọgbọ́n náà. Ní ilẹ̀ wa, orúkọ ibẹ̀ ni a fi ń ṣe èébú.

Màmá Nọ́ọ̀sì, àgbàlagbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ni ó rí oògùn náà níbi tí ó wà, ní ọjọ́ tí ó wá gba aṣọ rẹ̀ tí ó sì ń bá wọn wá bọ́tìnnì. Ó wo páálí náà, ó wo ẹni tí ó ni ín, ó sì nawọ́ sí ọgbà tí ó wà lẹ́yìn fèrèsé.

'Ìyá Ìbejì, ewúro yẹn, kí ni o ń fi í ṣe?'

'Ọbẹ̀ ni, Màmá.'

'Ọbẹ̀ nìkan?'

'Bí inú bá ń run àwọn ọmọ, mo máa ń fún omi rẹ̀ fún wọn mu.'

'Bí mo bá wá bá ọ níbi tí o ti ń fọ ewúro, èwo ni kí n gbà? Ṣé ebi ni ó ń pa ọ́ ni, àbí inú ni ó ń run ọ́?'

Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Màmá Nọ́ọ̀sì ní bí ọ̀rọ̀ oògùn náà ti rí nìyẹn, àti pé dókítà tí kò bá gba ìrora rẹ̀ gbọ́ kò ní béèrè bí iná ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń jó.

Ìtàn oògùn wọ̀nyí ti ọ̀rọ̀ Màmá Nọ́ọ̀sì lẹ́yìn. Ọ̀kan lára àwọn tí a kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ń gbé ọkàn sókè ni iproniazid, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n sì pè é tẹ́lẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1950, ní ilé ìwòsàn Sea View ní New York, àwọn oníṣègùn ṣàkíyèsí pé àwọn oníkọ́ ẹ̀gbẹ tí ń lò ó ń túra ká ju bí àìsàn wọn ti yẹ kí ó jẹ́ kí wọ́n ṣe lọ. Imipramine ni ó tẹ̀lé e. Àrùn ọpọlọ mìíràn ni wọ́n ń dán an wò fún ní Switzerland kí Roland Kuhn tó rí i pé àwọn tí ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì ni ó ń wúlò fún. Ó sì kọ èyí jáde ní 1957. Kò pé ọdún 3 lẹ́yìn rẹ̀, ní 1960, tí àwọn dókítà kan ní ilẹ̀ Faransé fi kọ ìwé pé imipramine kan náà ń dín ìrora kù. Amitriptyline dé ọjà ní 1961. Ní 2004, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí duloxetine fún ìrẹ̀wẹ̀sì àti fún ìrora iṣan àwọn alátọ̀gbẹ. Ní 2010, wọ́n fọwọ́ sí i fún ẹ̀yìn ríro tí ó ti di bárakú. Kò sí ẹni tí ó pe ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì ní oníkọ́ ẹ̀gbẹ nítorí pé ó lo iproniazid. Kí ló wá dé tí a ó fi pe ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn ní wèrè?

Bí oògùn náà ti ń ṣiṣẹ́ kò ṣòroó yé ẹni tí ó bá mọ ìtàn ìlú olódi. Láyé àtijọ́, ìlú tí ó bá ní odi ní oníbodè. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá kan bodè ni oníbodè ń ṣílẹ̀kùn fún. Ní 1965, Ronald Melzack, ọmọ Kánádà, àti Patrick Wall, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gbé àbá kan jáde pé irú bodè bẹ́ẹ̀ wà nínú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn, níbi tí ìròyìn ìrora ti ń kọjá lọ sí ọpọlọ. Bí bodè bá ṣí gbayawu, ìrora kékeré yóò wọlé bí ogun. Bí ó bá sé díẹ̀, ìrora ńlá yóò rọlẹ̀. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ a máa ránṣẹ́ sí oníbodè láti òkè, lára ohun tí ó sì fi ń ránṣẹ́ ni èròjà méjì tí a ń pè ní serotonin àti noradrenaline. Àwọn èròjà yìí kan náà ní ipa nínú bí inú wa ṣe ń dùn tàbí bí ó ṣe ń bàjẹ́. Oògùn náà kì í jẹ́ kí wọ́n tètè pòórá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jíṣẹ́, àṣẹ tí oníbodè gbà a sì lágbára sí i.

Nípa báyìí, kò di dandan kí ọkàn ènìyàn rẹ̀wẹ̀sì kí oògùn náà tó wúlò fún ìrora rẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1987, lórí àwọn tí àtọ̀gbẹ ba iṣan wọn jẹ́, fi hàn pé amitriptyline dín ìrora kù fún àwọn tí ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì àti àwọn tí ọkàn wọn balẹ̀. Ìwọ̀n tí a ń lò fún ìrora pàápàá kéré: mílígírámù 10 tàbí 25 ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ti ìrẹ̀wẹ̀sì a máa tó 75 sókè.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ń yin oògùn kọjá agbára rẹ̀ kò yàtọ̀ sí àwọn tí ń polówó nínú ọkọ̀. Ìwádìí tí ó ko ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò jọ ní 2021 fi hàn pé bí a bá fi 100 díwọ̀n ìrora ẹ̀yìn, àwọn oògùn irú duloxetine kì í dín in kù ju bí 5 lọ, bí a bá pín in dọ́gba láàárín àwọn tí wọ́n lò ó. Ti amitriptyline fún ẹ̀yìn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń jiyàn. Ní 2016, ìlànà ìtọ́jú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí a má ṣe fi oògùn wọ̀nyí tọ́jú ẹ̀yìn ríro lásán. Ní 2017, ẹgbẹ́ àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà fi duloxetine sí ipò kejì, lẹ́yìn tí eré ìdárayá àti oògùn tí ń pa ara wíwú bá ti kùnà. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a má ṣe sọ wọ́n di ohun tí a ń fún gbogbo ẹlẹ́yìn ríro. Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti ṣe ọ̀kan ni pé bí ó bá jẹ́ iṣan ni ó ń jó ènìyàn bí iná, oògùn wọ̀nyí lè ní iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe. Iná ẹsẹ̀ Ìyá Ìbejì àti àìróorunsùn rẹ̀ ni dókítà rò papọ̀.

Oògùn náà ní ewu tirẹ̀. Amitriptyline a máa mú kí ẹnu gbẹ, kí ìgbẹ́ ṣòroó yà, kí ojú ṣú, kí oorun máa kun ènìyàn títí di òwúrọ̀. Ó lè ṣe àgbàlagbà tí ìtọ̀ ń há ní jàǹbá, ó sì lè da lílù ọkàn rú fún ẹni tí ó ti ní àrùn ọkàn tẹ́lẹ̀. Kò yẹ kí a lò ó pọ̀ pẹ̀lú ọtí, a kò sì gbọdọ̀ dà á pọ̀ mọ́ tramadol, tí ó ti kún ìgboro, láìjẹ́ pé dókítà mọ̀. Bí ọmọdé bá kó o jẹ, ó lè pa á. Ẹni tí ó bá ti lò ó pẹ́ kò gbọdọ̀ ṣíwọ́ lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń dín in kù. Gbogbo èyí ni ó yẹ kí ọmọbìnrin tí ó wà nídìí àtẹ sọ fún Ìyá Ìbejì, dípò èyí tí ó sọ.

Ìyá Ìbejì padà lọ bá dókítà, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ó sì ní kí ó ṣàlàyé. Dókítà ṣàlàyé. Ó ní kí ó máa fi 10 díwọ̀n ìrora rẹ̀. Ó sọ pé 8 ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn náà ní agogo 8 alẹ́ kí oorun má baà kun ún nídìí àlùmọ́gàjí lówùúrọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kò mú nǹkan wá ju ẹnu gbígbẹ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó sun oorun wákàtí 5 láìjí. Ẹni tí ó bá ti sùn lè rìn. Nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí àdúgbò ká kí oòrùn tó mú. Ọkọ rẹ̀ ní kí káfíńtà gbé tábìlì ẹ̀rọ sókè, ó sì ra àga tí ó ní ìfẹ̀yìntì fún un. Lẹ́yìn oṣù 4, ó ní ìrora náà jẹ́ 5. Kò sí ẹni tí ó lè sọ iye tí ó jẹ́ ti oògùn nínú 3 tí ó dín, iye tí ó jẹ́ ti ìrìn, àti iye tí ó jẹ́ ti ọkọ tí kò bínú mọ́. Ẹ̀yìn náà ṣì ń dùn ún. Ṣùgbọ́n ó ń rán aṣọ, ó sì ń sùn.

Iṣẹ́ kan wà níhìn-ín fún àwọn tí ń kọ́ni ní èdè. Ọmọ tí ó jáde ilé-ẹ̀kọ́ láìmọ ìyàtọ̀ láàárín ìbànújẹ́, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti wèrè ni yóò jókòó nídìí àtẹ oògùn lọ́la. Ìbànújẹ́ jẹ́ ìpín gbogbo ẹ̀dá, ìrẹ̀wẹ̀sì tí kò lọ jẹ́ àìsàn tí a ń tọ́jú, ẹni tí ó sì ń ṣe wèrè jẹ́ aláìsàn tí kò yẹ ní yẹ̀yẹ́. Bí a bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpò èébú kan ṣoṣo, ẹni tí oògùn lè ràn lọ́wọ́ yóò máa fi í pamọ́ sábẹ́ òwú. Yorùbá a máa wo ilé kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ. A kò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti wo páálí oògùn.